Ìgbátí Ara Kọ́bọ́ọ̀dù: Iṣẹ́ ni Ó Kọ́kọ́ Jẹ́ kí Ó tó Di Ọ̀ṣọ́

Nínú ìwé Ẹ́kísódù tí ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, níbi tí a ti ṣe àpèjúwe àpótí ẹ̀rí àti tábìlì àkàrà ìfihàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fi ojú fò dá. Ọ̀rọ̀ náà ni ìgbátí. Igi ni a fi kan àpótí ọ̀hún. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ méjì àbọ̀, ìbú àti gíga rẹ̀ sì jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kan àbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí a ti fi wúrà bò ó tán, ìgbátí wúrà ni a fi yí etí rẹ̀ ká. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò di dandan kí wọ́n lọ yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Hébérù fún ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yọ síta, tí ó sì yí etí àpótí ká yìí. Yorùbá ti ní i lẹ́nu.

Ohun tí ìgbátí jẹ́ lára àpótí ẹ̀rí ni ó jẹ́ lára kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná lóde òní. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí kò sábà fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ, tí a ti fá ojú rẹ̀ ní kòtò àti gegele, tí a sì wá kàn mọ́ ojú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí mọ́ òkè rẹ̀ níbi tí ó ti sún mọ́ àjà, tàbí mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn káfíńtà ìlú ńlá a máa fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pè é, orúkọ náà a sì máa yàtọ̀ láti ẹnu oníṣẹ́ kan dé ẹnu èkejì. Onílé tí ó bá ti rí i ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ a ní kí a bá òun ṣe irú rẹ̀. Ẹni tí yóò san owó a sì béèrè pé kí ni ìwúlò rẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn tí a sábà máa ń fún un, pé ẹwà lásán ni, ni kò tọ́. Iṣẹ́ kan wà tí ìgbátí ń ṣe lára igi kí ẹnikẹ́ni tó ronú kàn án pé ó dára ní wíwò, ẹni tí kò bá sì mọ iṣẹ́ náà yóò kàn án sí ibi tí yóò ti ba ilẹ̀kùn jẹ́.

Igi kì í dákẹ́. Bí a tilẹ̀ ti gé e lulẹ̀, tí a là á sí pákó, tí a sì sá a títí tí ó fi gbẹ, síbẹ̀ yóò máa mu omi inú afẹ́fẹ́ ní ìgbà òjò, yóò sì máa tú u sílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bí ó bá mu omi, a wú. Bí ó bá tú u sílẹ̀, a sún kì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀nà gbogbo ni ó fi ń wú. Ní gígùn rẹ̀, èyíinì ni bí fọ́nrán igi ti lọ láti ìdí dé orí, ìyípadà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí káfíńtà kì í kà á sí. Ní ìbú pákó ni ọ̀ràn wà. Pákó tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 lè fi nǹkan bí mìlímítà 3 yàtọ̀ láàrin ìgbà òjò àti ìgbà ọyẹ́, gẹ́gẹ́ bí irú igi náà àti bí a ti là á bá ti rí. Mìlímítà 3 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti há ní oṣù Keje, tí ilẹ̀kùn kan náà sì ń mì nínú férémù ní oṣù Kìn-ín-ní, mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré.

Bí káfíńtà bá fi ìṣó kan irú pákó bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní etí rẹ̀ méjèèjì, kò sí ibi tí pákó náà yóò sún sí. Agbára tí ó fi ń sún kò sì ṣeé dá dúró. Nítorí náà yóò ya ní àárín. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ Yúróòpù ti rí ọgbọ́n ta sí èyí láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin kan férémù, wọ́n fa kòtò gbọọrọ sí etí inú rẹ̀, wọ́n sì ki etí pákó àárín bọ inú kòtò náà láìfi àtè tàbí ìṣó dè é. Pákó àárín ń wú, ó sì ń sún nínú kòtò tirẹ̀. Férémù dúró bí ó ti wà. Ilẹ̀kùn kò ya mọ́.

Ìyọnu kan ṣẹ́kù. Níbi tí pákó gbé wọ inú férémù, àlàfo kan wà tí ó ń fẹ̀, tí ó sì ń há bí ìgbà ti ń yí, ojú a sì máa rí i. Ìgbátí ni a fi bò ó. A fá igi tẹ́ẹ́rẹ́, a kàn án yí inú férémù ká, ó sì na ètè rẹ̀ sórí pákó àárín láìdì í mú. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ fi sọ́kàn ju ohun gbogbo lọ ni pé férémù nìkan ni ìṣó ìgbátí gbọdọ̀ wọ̀. Bí ìṣó bá gba inú ìgbátí kọjá lọ sínú pákó àárín, a ti tún de ohun tí a tú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí a fi igi olówó gọbọi ṣe ni ó ti báyìí ya nígbà ọyẹ́ àkọ́kọ́, tí onílé ń bú igi, tí káfíńtà náà sì ń bú ẹni tí ó ta igi, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣó mẹ́rin tí ó gùn jù ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, ènìyàn kì í fi ohun kan bo àlàfo kí ó má fẹ́ kí ohun náà dùn ún wò. Àwọn ará Gíríìkì ìgbàanì, tí wọ́n ń gbẹ́ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sára òkúta tẹ́ḿpìlì wọn, ti fún àwọn ìrísí rẹ̀ ní orúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni kyma, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbì omi, nítorí pé apá kan rẹ̀ yọ gbùngbùn, apá kejì sì wọnú, gẹ́gẹ́ bí omi òkun ti máa ń ṣe. Bí a bá fi ọkàn wo gbogbo oríṣi ìgbátí tí ó wà lójà lónìí, bí ó ti wù kí orúkọ wọn pọ̀ tó, ìrísí mẹ́rin ni a ó sábà bá nídìí wọn: èyí tí ó yọ bí ìdajì ọ̀pá tí a là, èyí tí ó wọnú bí inú ìdajì ọparun, èyí tí ó gún régé bí àtẹ̀gùn, àti ìgbì tí ó so yíyọ àti wíwọnú pọ̀.

Òjìji ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe àwọ̀. Ibi tí ó yọ a máa gba ìmọ́lẹ̀, ibi tí ó wọnú a máa ṣókùnkùn díẹ̀, igun tí ó gún régé a sì máa fa ìlà dúdú kan gbọnrangandan. Ìdí nìyí tí ìgbátí fi hàn dáradára lára kọ́bọ́ọ̀dù tí a kùn ní ọ̀dà funfun, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn lára igi dúdú. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ìgbátí tí ó dára púpọ̀ ní ìsọ̀ fi lè di ohun tí ojú kò rí mọ́ nílé, bí iná bá tàn sí i tààrà láti iwájú. Ó sàn kí ènìyàn tọrọ ègé kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí ó gbé e mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ ní ọ̀sán, kí ó tún wò ó lálẹ́, kí ó tó san owó.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀ṣọ́ igi gbà. Orúkọ oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́: ẹni tí ń gbẹ́ ọnà ni gbẹ́nàgbẹ́nà. Inú igi ni ó ti ń yọ ọnà jáde. Kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Òsì-Ìlọrin pín iṣẹ́ náà sí ìpele mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, tí a fi ń gé igi títí tí ìrísí gbogbogbòò yóò fi yọ. Èkejì ni àlétúnlé, tí a fi ń pín ìrísí náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta ni dídán. Ẹ̀kẹrin sì ni fínfín, tí ọ̀bẹ fi ń fa ìlà tóóró-tóóró. Lára ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì gbẹ́, ọ̀já ọnà kan ni ó máa ń ya ìpele ère kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ọ̀já náà a sì máa ṣe fún ojú ohun tí ìgbátí ń ṣe lára férémù. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. A gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní 1924, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ wọn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí di òní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i lè pinnu fúnra rẹ̀ ẹni tí ó jèrè nínú pàṣípààrọ̀ náà.

Ilé ìdáná pàápàá kò ṣàìní ọnà tirẹ̀. Lóòótọ́, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ilé ìdáná àtijọ́. Pẹpẹ amọ̀, agbọ̀n àti àjà ni a ń kó nǹkan sí. Ṣùgbọ́n igbá fínfín wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbajúmọ̀ fún, ewé ìpín tí a fi ń dán igbá àti igi sì ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí bébà oníyanrìn tó dé.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti ipa èyí sọ pé ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ igi kì í ṣe ọnà rárá, pé ìtànjẹ ni. Ọ̀rọ̀ wọn le jù. Ìlẹ̀kẹ̀ ara adé ọba, rírán ni a rán an mọ́ adé. Kò ti inú adé hù jáde, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ sọ pé kì í ṣe ọnà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ni pé ọnà tí a gbẹ́ láti inú igi ń bá igi náà wú, ó sì ń bá a sún, nítorí náà kò lè ṣí kúrò láéláé. Ọnà tí a lẹ̀ mọ́ ọn ní ìrìn tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí ń lẹ̀ ẹ́ mọ ìrìn méjèèjì.

Lára àwọn tí ó sọ férémù àti ìgbátí di ohun àmúyangàn ní Èkó ni àwọn Àgùdà, èyíinì ni àwọn ẹrú àti ọmọ ẹrú tí wọ́n padà wálé láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn kọ́ àdúgbò Pópó Àgùdà. João Baptista da Costa, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Lára ilé àwọn Àgùdà, ìgbátí kì í mọ sára ilẹ̀kùn nìkan. Wọ́n a máa fi ohun rírẹ́ mọ ọ́n yí fèrèsé ká lára ògiri, tó bẹ́ẹ̀ tí igi àti ògiri yóò fi máa sọ èdè kan náà. Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ni ó ti lọ. Ìjọba ti kéde Ilojo Bar, tí ó wà lẹ́bàá Tinúbu, ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀ a wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ kọ́ bí a ti ń ṣe ìgbátí, ibi tí yóò lọ kò pọ̀ mọ́ bí ti àtijọ́.

Ní ayé àwọn wọ̀nyí, ọwọ́ ni a fi ń fá ìgbátí. Ìfági kan ni ó wà fún ìrísí kan. Bí káfíńtà bá fẹ́ ìrísí ogún, ogún ìfági ni yóò ní, ẹnu abẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì rí bí ìgbátí tí yóò fá. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀rọ tí ń lo agbára ooru omi dé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì ń fá ní wákàtí kan ohun tí ọwọ́ kò lè fá ní ọjọ́ púpọ̀. Ìgbátí di ohun ọ̀pọ̀. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun gbogbo, títí kan ibi tí kò ní àlàfo kankan láti bò, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilé kíkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀. Ní 1926, Margarete Schütte-Lihotzky ya àwòrán ilé ìdáná kékeré kan fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni a kọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní ìgbátí, kí ìdọ̀tí má baà rí ibi bà lé, kí obìnrin tí ó ti ibi iṣẹ́ dé má baà fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ nu kòtò àti gegele. Láti ara ilé ìdáná yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù òde òní ti ṣẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá ní kí a lẹ ìgbátí mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí ó tẹ́jú lónìí, ohun tí ó ń ṣe jọ ni lójú. Ilẹ̀kùn náà sábà máa ń jẹ́ pákó alápapọ̀ tí a lẹ̀ ní ìpele-ìpele, tàbí èyí tí a fi lẹ́búlẹ́bú igi àti àtè tẹ̀ pọ̀, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní MDF. Irú pákó bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wú tàbí sún bí ìgbà ti ń yí. Kò sí férémù, kò sí àlàfo. Ìgbátí tí a fi yà á bí ẹni pé ó ní férémù jẹ́ ìrántí iṣẹ́ tí a kò ṣe mọ́. Kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ó tilẹ̀ fún oníṣẹ́ ní òmìnira: níwọ̀n ìgbà tí igi abẹ́ rẹ̀ kò bá rìn, ó lè fi àtè àti ìṣó mú ìgbátí mọ́ ibikíbi tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wò, kí ó wo etí rẹ̀, kí ó mọ̀ bóyá igi gidi ni tàbí alápapọ̀, nítorí pé òfin àwọn méjèèjì yàtọ̀.

Ní orí kọ́bọ́ọ̀dù, ìgbátí ṣì ń ṣe iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ gan-an. Àjà ilé kì í tẹ́jú tán, ògiri kì í gún tán. Àlàfo tí ó wà láàrin wọn àti kọ́bọ́ọ̀dù a máa fẹ̀ níhìn-ín, a máa há lọ́hùn-ún. Ìgbátí ńlá tí ó dà sí iwájú ni a fi ń bo ti òkè. Tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó rọ̀ ni a fi ń bo ti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èyí tí ó kọjú sí ìsàlẹ̀ a sì máa fi ara bo iná tí a so sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà wọ ojú ẹni tí ń se oúnjẹ.

Igun ni a fi ń dán káfíńtà wò. Níbi tí ìgbátí méjì bá pàdé, ìdajì igun náà ni a óò gé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igun tí ó bá jẹ́ dígírì 90, dígírì 45 ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń gé 45 láìwọn igun. Bí igun bá jẹ́ 92, 46 ni ó yẹ kí wọ́n gé. Lórí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ojú gígé mẹ́jọ ni ó wà. Bí ìdajì dígírì bá yẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, dígírì 4 ni yóò pa pọ̀ sí igun ìkẹyìn, kò sì sí ọ̀dà tí ó lè bò ó. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a máa gbé igi méjì tí yóò kọjú sí ara wọn lé ara wọn, kí ayùn gé wọn pọ̀, kí gígùn wọn lè dọ́gba. Ní igun inú, lẹ́bàá ògiri, wọn kì í fi 45 pàdé rárá: wọ́n a jẹ́ kí ọ̀kan kan ògiri gbọnrangandan, wọ́n a sì gbẹ́ ẹnu èkejì kí ó rí bí ojú àkọ́kọ́, kí ó lè jókòó lé e. Bí igi bá sún nígbà ọyẹ́, irú igun bẹ́ẹ̀ kì í la ẹnu.

Ní ti igi, arère ni ó yẹ kí Yorùbá fi yangàn nínú ọ̀ràn yìí. Igi tí ó fúyẹ́ ni, ó sì rọ̀ lábẹ́ abẹ. Fọ́nrán rẹ̀ kì í ṣáàbà ya nígbà tí a bá ń fá a. Àwọn ará Ghana ń pè é ní wawa, àwọn oníṣòwò igi lágbàáyé sì ń pè é ní obeche. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń kó o láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù láti fi ṣe ìgbátí àti férémù àwòrán. Ẹni tí ó bá wo ìgbátí olówó iyebíye tí a kó dé láti ilẹ̀ òkèèrè, tí ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, lè máa wo igi tí ó hù nínú igbó tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Àbùkù arère ni pé ikán fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tètè máa ń yí àwọ̀ padà bí ọ̀rinrin bá bá a. A kò gbọdọ̀ lò ó láìtọ́jú rẹ̀. Ìrókò àti ọ̀gànwó le jù ú lọ, wọ́n sì pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n owó wọn ga, fífá wọn kò sì rọrùn.

Ilé ìdáná tí a ti ń dín àkàrà, tí a sì ń yan epo, kì í ṣe yàrá ìgbàlejò. Èéfín òun ọ̀rá yóò wọ inú gbogbo kòtò ìgbátí, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà, aáyán yóò sì rí ohun jẹ níbẹ̀. Ìgbátí tí ó jinlẹ̀ tí ó sì kún fún ewé àti òdòdó, àyè rẹ̀ kò sí nítòsí ààrò. Èyí tí aṣọ ìnuǹkan lè fi ẹ̀ẹ̀kan gbá kọjá ni ó tọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọwọ́ àti ìfọwo, omi ni ọ̀tá. Ìgbátí MDF tí omi bá wọ̀ yóò wú bí búrẹ́dì, kì í sì í padà sí ipò rẹ̀ mọ́ bí ó bá gbẹ. Igi gidi ni kí a lò níbẹ̀, kí a sì kun ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú ibi tí a ti gé e ní ọ̀dà kí a tó kàn án, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń rí ọ̀nà wọlé, kì í ṣe iwájú tí gbogbo ènìyàn ń wò.